Àlejò Tí Ó Fẹ́ Mú Ajá Rẹ̀ Wọlé



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fi ẹ̀rín sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nínú ilé tí ó bá ti ṣẹlẹ̀. Ọdún Iléyá ń bọ̀, tàbí àwọn ilé-ìwé fẹ́ gba ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa kan tí ń gbé ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ajá òun ń bá òun bọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá òun tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí: ẹnì kan ní haráámù ni, ẹnì kejì ní ẹni tí kò bá fẹ́ ajá òun kò fẹ́ òun náà, ìyá àgbà ní kí wọ́n má pa òun. A mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí ọmọ ìyá méjì má jọ jẹun ọdún fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Èrò tiwa ni pé onílé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ajá kò ní wọ ilé òun, kò sì sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn ní iye tí a ó san lé e, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí àlejò nìkan san án.

Ajá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn baba wa sin ajá ọdẹ, wọ́n sì sin èyí tí ń ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìta ni ó ń sùn, àjẹkù ni ó sì ń jẹ. Ajá tí àbúrò wa fẹ́ mú wá yìí kò mọ ìta ní ibùsùn. Orí àga tìmùtìmù ni ó ń jókòó, ó ní dókítà tirẹ̀, ó sì ní àmì lábẹ́ awọ rẹ̀, èyí tí òfin ilẹ̀ yìí pa láṣẹ kí a lè mọ olówó rẹ̀. Fún ẹni tí ó ń dá gbé ní ìlú òtútù, tí ó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀, ajá yìí ni ó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé eré ni àbúrò ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò, bí kò bá ti kírun nínú pálọ̀ tí ó kún fún ènìyàn rí, kò lè mọ ohun tí kápẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Nínú ilé oníyàrá méjì, ibi tí a ti ń jẹun ni a ti ń kírun, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ń sùn bí àlejò bá dé.

Níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gan-an ni a ti máa ń da nǹkan pọ̀. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá fi yé wa pé àwọn mọ́láíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, àti pé ẹni tí ó bá ń sin ajá láìjẹ́ pé fún ọdẹ, fún ṣíṣọ́ ẹran ọ̀sìn tàbí fún oko, láádá rẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Òmíràn pàṣẹ pé kí a fọ abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀ nígbà méje, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀. Èyí tó fún onílé láti dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n lórí bóyá ara ajá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbin, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Ìmáámù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ojú ọ̀nà rẹ̀ láti ayébáyé, kò ka ajá alààyè sí ẹ̀gbin. Ó ní àṣẹ ni a ń tẹ̀lé nígbà tí a bá ń fọ abọ́ náà. Ìmáámù Ṣáfíì ka gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbin. Àwọn ará Hánáfì ní itọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbin, kì í ṣe irun rẹ̀.

Kí ni ìyẹn kàn wá? Àwọn ọmọ wa ń kéwú lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ tí wọ́n wá láti Pakistan, Bangladesh àti Somalia, wọ́n sì ń mú ìdájọ́ ibẹ̀ wálé. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá fi lè dúró nínú pálọ̀ kí ó sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé àlùwàlá ẹni tí ajá bá fara kàn ti bàjẹ́, nígbà tí ìyá àgbà tí ó kéwú ní Ìlọrin tàbí ní Ìwó kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ àwọn Ṣáfíì pàápàá, bí ajá àti aṣọ bá gbẹ, ẹ̀gbin kò ràn. Ẹ̀gbin sì yàtọ̀ sí ohun tí ń ba àlùwàlá jẹ́. Kí a sọ èyí fún àwọn ọmọ kí àlejò tó dé. Kí a sọ fún wọn pẹ̀lú pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi bàtà rẹ̀ fa omi láti inú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì tìtorí ìyẹn dárí jì í. Ajá àwọn ará inú ihò wà nínú Súrátù Káfì tí a ń ké ní ọjọ́ Jímọ̀. Ajá tí a kò gbà wọlé kì í ṣe ajá tí a ó ta nípàá.

Ti ológbò kò yẹ kí ó gba àkókò wa. Hádíìsì Abu Qatada fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀gbin, pé ara àwọn tí ń rìn kiri láàárín wa ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ológbò nítorí pé ó ń mú un sín, tàbí nítorí àga tuntun, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó má fi ẹ̀sìn bojú.

Ajá atọ́nà afọ́jú tún yàtọ̀ pátápátá. Ojú olówó rẹ̀ ni. Ní ọdún 2008, mọ́sálásí kan ní Leicester gba irú ajá bẹ́ẹ̀ láàyè, wọ́n ṣe ibì kan fún un láti sinmi nítòsí ẹnu ọ̀nà, olówó rẹ̀ sì wọlé lọ kírun. Bí mọ́sálásí bá lè wá àyè, ó ṣòro fún wa láti rí ìdí tí ilé ẹ̀gbọ́n ẹni kò fi ní lè wá a.

Fún ajá tí a ń sìn fún ìfẹ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bí a ó ṣe sọ ọ́. Kí a sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn ń bọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó ọkọ̀ ojú irin. Kí a pè é lórí fóònù, kí a má kọ ọ́ sí ojú gbogbo ẹbí. Kí ẹ̀gbọ́n wí pé: "Àbúrò mi, inú wa dùn pé o ń bọ̀, àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́. Ajá kò lè wọ inú ilé wa nítorí ìrun. Jẹ́ kí a jọ wá ibi tí yóò wà." Ó tán. Ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń sọ pé onílé tí a gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba ẹranko láàyè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni, àbúrò yóò sì mọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá rí ológbò aládùúgbò wa lórí àtẹ̀gùn kan náà.

Iye tí a ní a ó san nìyí. Àwọn ilé wà tí wọ́n ti ń gba ajá tọ́jú lówó. Ní England, káńsù ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, a sì lè béèrè ìwé náà kí a tó fi ẹran sílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwa tí a ní kí ajá má wọlé, ó yẹ kí a bá a dá owó náà, kódà kí a san gbogbo rẹ̀ bí a bá lágbára. Àwọn kan yóò ní àṣejù ni, pé ta ni ó rán an láti ra ajá? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ń ra àgbò Iléyá, a sì ń bu ẹran fún aládùúgbò tí a kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àlejò bí òkété là á fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀. Ànábì sì kìlọ̀ pé ẹni tí ń já okùn ìbátan kò ní wọ Àlùjánnà. A kò rí ibi tí ó ti yọ olówó ajá sílẹ̀.

Àlejò náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Súrátù Núúrù pa á láṣẹ pé kí a tọrọ àyè kí a tó wọ ilé onílé, bí wọ́n bá sì ní kí a padà, kí a padà, nítorí pé ó mọ́ fún wa jù. Bí onílé bá lè sọ fún ènìyàn pé kí ó padà láìjẹ̀bi, mélòó-mélòó ni ajá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ní ajá, ẹ má ṣe gbé e dé ẹnu ọ̀nà ní ìrètí pé ojú yóò ti ìyá yín.

Bí ó bá sì dé bẹ́ẹ̀ náà ńkọ́, ní alẹ́, pẹ̀lú òjò? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ mọ́jú. Kí a ká ẹní ìrun, kí a ti ilẹ̀kùn pálọ̀, kí a fi ajá sí ilé ìdáná tàbí ọ̀nà àbákọjá pẹ̀lú aṣọ àtijọ́ àti abọ́ omi kan tí a kò ní bá a pín. Kí àbúrò wẹ̀, kí ó jẹun. Ọ̀rọ̀ ibi tí ajá yóò lọ di àárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.