Ẹ Má Ṣe Tìtorí Eyín Kan Sọ Odindi Ẹ̀rọ Nù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dàbí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán, ṣùgbọ́n tí ó kan òmìnira ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Òun ni ti àwọn ẹ̀rọ tí a ń kó dà sí ààtàn nígbà tí ẹ̀yà kékeré kan péré bá bàjẹ́ lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ ìlọta tí a ń pè ní bùlẹ́ńdà ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó ilé da ata sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń kùn, ṣùgbọ́n abẹ kò yí. Wọn a ní ó ti kú. Kò kú rárá. Lábẹ́ ìkòkò ìlọta ni ẹ̀yà eléyín kan wà, tí a fi rọ́bà tàbí ike ṣe, tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ mọ́tò fún abẹ. Rírọ̀ rẹ̀ kì í ṣe lásán: bí ohun líle bá há abẹ, eyín yìí ni yóò jẹ, tí mọ́tò yóò sì yè.

Bí ó bá jẹ, ẹ kọ́kọ́ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná. Ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀, kí ẹ di irin tí mọ́tò ń yí mú ṣinṣin, kí ẹ sì yí eyín náà kúrò. Ẹ ṣọ́ra o: lára ọ̀pọ̀ wọn, apá ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú; bí a bá yí i sí òsì, ńṣe ni yóò túbọ̀ fún. Ẹ mú èyí tí ó bàjẹ́ dání lọ sí ọjà, kí iye eyín àti fífẹ̀ ihò rẹ̀ lè bá ti tuntun mu. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ iná.

Ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà púpọ̀, a kì í rí eyín náà rà. Odindi ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ tà fún wa. Àwọn kan a máa wí pé tuntun kò kúkú wọ́n. A bi wọ́n: àpò ta ni owó tuntun ń lọ, iṣẹ́ ọmọ ta ni ó sì ń bọ́? Àgbẹ̀ tí èèkù àdá rẹ̀ fọ́ kì í sọ irin rẹ̀ nù. Igi ni yóò gbẹ́ sí i.

Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ gan-an kò gbà kí a fi irú ìwà yìí jẹ àwọn ará ilé wọn. Láti ọdún 2021 ni ilẹ̀ Faransé ti pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sára àwọn ẹ̀rọ kan bí ó ti rọrùn tó láti tún wọn ṣe. Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kí àwọn tí ó ń ṣe fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tẹlifóònù máa gbà láti tún wọn ṣe, kí wọ́n sì máa ta ẹ̀yà wọn ní iye tí ó mọ níwọ̀n.

Nítorí náà ni a fi ń wí fún ìjọba pé: ẹni tí yóò bá kó ẹ̀rọ wọ ilẹ̀ wa, kí ó kó ẹ̀yà rẹ̀ wá pẹ̀lú. A sì ń wí fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí a ti ń tú ẹ̀rọ àti bí a ti ń tò ó padà. Òmìnira kọjá àsíá. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.