Káàdì ilé ìkàwé tó ń ṣílẹ̀kùn mùsíọ̀mù: àwa náà lè ṣe é

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Oko baba ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wa ń wò lórí tẹlifíṣàn àti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Ti baba tiwọn gan-an ni wọn kò mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ kó kíláàsì wa lọ sí mùsíọ̀mù tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kálukú ló gbọ́dọ̀ mú owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé wá. Àwọn òbí mi kò rí i san lọ́sẹ̀ náà, mo sì jókòó sílé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi dé, tí wọ́n ń ròyìn àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ Ifẹ̀ lọ́dún 1938, ẹnu wọn ni mo ń wò. Mo ti di ọmọ yunifásítì kí n tó fi ojú ara mi rí wọn.

Ohun tó mú mi rántí ọ̀rọ̀ yìí ni àlàyé tí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé nílùú New York, l'Amẹ́ríkà, ṣe fún mi. Lọ́dún 2018, àjọ ilé ìkàwé mẹ́ta tó wà nílùú náà pawọ́ pọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Culture Pass. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba káàdì ilé ìkàwé. Ẹni tó bá ti pé ọdún 13 lè fi káàdì náà gba àyè sílẹ̀, kí òun àti ẹbí rẹ̀ sì wọ mùsíọ̀mù tàbí ọgbà òdòdó láìsan kọ́bọ̀. Ibi 33 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní California, láti ọdún 2022 ni ilé ìkàwé ti ń yá àwọn èèyàn ní ìwé àṣẹ tí ọkọ̀ fi ń wọ ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ẹni yá ìwé ni. Tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á dá a padà fún ẹlòmíràn.

Àwọn kan á ní, "Amẹ́ríkà nìyẹn, wọ́n lówó." Òótọ́ ni pé owó ẹnu ọ̀nà wúlò fún àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tó níye ni wọ́n ń yọ̀ǹda ní New York, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún sì ni ẹnì kan lè fi káàdì rẹ̀ lọ síbì kan. Kò ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Yàrá tó ṣófo kò kúkú pa owó wọlé.

Kí ló wá dé tí àwa kò lè ṣe é? Ẹsìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti ọdún 1945, pẹ̀lú ère òkúta tó lé ní 1,000. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé àjọ UNESCO lọ́dún 2005. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ni mùsíọ̀mù Ẹsìẹ́ àti ti Ifẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé. Àdéhùn láàárín wọn ló kù. Kò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì: kí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì márùn-ún tí wọ́n á máa kọ orúkọ ẹni tó yá a sínú ìwé. Ọmọ tó bá wá yá káàdì á rí ìwé tó wà lórí pẹpẹ pẹ̀lú.

Káàdì kò lè san owó ọkọ̀ fún ará oko. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ dá sí i, kí wọ́n pèsè bọ́ọ̀sì ní Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá káńsẹ́lọ̀ yín sọ ọ́. Tí àyè bá sì yọ, ẹ mú ọmọ-ọmọ yín dání lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n tì mọ́nú gíláàsì níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tún jókòó sílé nítorí owó ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.