Ikọ̀ Army gba ife, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ West Point kì í ṣe ọ̀fẹ́

Nínú gbogbo ikọ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà ní sáà 2024, Army ló yà wá lẹ́nu jù, ìyẹn ikọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ní New York. Ọdún náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì American Athletic Conference. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra ni wọ́n borí kí Notre Dame tó nà wọ́n 49 sí 14 ní Yankee Stadium. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, wọ́n na Tulane 35 sí 14, wọ́n sì gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1890 tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. (Ẹ má dárúkọ Navy létí wọn. 31 sí 13 ni wọ́n fi lu wọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.)

Àwa ará Atlanta ní ìdí tiwa láti wò wọ́n. Jeff Monken, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ṣiṣẹ́ ní Georgia Tech níbí ní 2008 àti 2009, kó tó lọ di ọ̀gá ní Georgia Southern. Irú eré tí Georgia Tech ń ṣe nígbà náà ni Army ń ṣe: gbé bọ́ọ̀lù dání, sáré, má jù ú àfi tó bá di dandan. Bryson Daily, tó ń darí eré, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré gba touchdown 32. Àwọn kan ní irú eré bẹ́ẹ̀ kò wuyì. Àwa gbádùn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ló mú wa kọ èyí. Lóde òní, agbábọ́ọ̀lù yunifásítì lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Láti oṣù Keje 2025, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè pín owó fún àwọn eléré rẹ̀, tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ West Point kò lè fi orúkọ rẹ̀ ṣòwò bẹ́ẹ̀, torí òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Níbòmíràn, ẹni tí owó kò bá tẹ́ lọ́rùn a forúkọ sílẹ̀ nínú transfer portal, a sì gba ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ.

Ẹ wo Marshall. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì tiwọn ni, àwọn ló sì yẹ kó kojú Army nínú Independence Bowl ní Shreveport. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ síbòmíràn, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọ portal, ni Marshall bá yọwọ́, torí àwọn tó kù kò tó gbá a. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́. Ànjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nì kan. Louisiana Tech ló rọ́pò wọn. Army nà wọ́n 27 sí 6, ìyẹn sì ni ìborí kejìlá, iye tí wọn kò dé rí nínú sáà kan.

Army náà pàdánù èèyàn. Lẹ́yìn sáà náà, Kanye Udoh lọ sí Arizona State, Elo Modozie sì wá sí Georgia, ní Athens tó sún mọ́ wa yìí. Orúkọ tí etí ọmọ Nàìjíríà dá mọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ òfin. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò ní West Point láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ láìjẹ gbèsè iṣẹ́ ológun. Tó bá ti wọ ọdún kẹta, tó sì ti búra, ó di dandan: ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ológun lẹ́yìn ìwé, àti ọdún mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ṣì lè pè é padà. Ọdún kejì ni àwọn méjèèjì wà nígbà tí wọ́n lọ. Ẹnu ọ̀nà tí òfin ṣí sílẹ̀ ni wọ́n gbà jáde.

Ibí ló ti kàn wá. Nínú ilé wa ní Lithonia, Marietta tàbí Lawrenceville, tí àwọn òbí bá ti gbọ́ pé West Point kì í gba owó ilé-ìwé, ojú àwọn kan á là. A kò bá wọn jà. Gbèsè owó ilé-ìwé ń pa èèyàn lọ́rùn nílẹ̀ yìí. Àwọn òbí mìíràn, tí wọ́n gbé abẹ́ ìjọba Abacha, kò tilẹ̀ fẹ́ rí ọmọ wọn nínú aṣọ sójà. Ìyẹn náà yé wa. Ohun tí kò yé wa ni bí ìjíròrò náà ṣe máa ń parí láìsí ẹni tó bi ọmọ léèrè. Ọmọ ni kò ní lè gbéyàwó tàbí lọ́kọ títí yóò fi jáde. Òun ni wọn yóò rán lọ síbi tó wù wọ́n fún ọdún márùn-ún. Òun náà ló sì yẹ kó pinnu ní ìparí ọdún kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ìsáǹsá tó bá ní òun ò ṣe mọ́, tàbí ọmọ aláìgbọràn tó bá dúró.

Kí West Point tó gba èèyàn, aṣòfin tàbí aláṣẹ mìíràn tí òfin yàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìwé yẹn lọ́wọ́ báyìí, ẹ bá àwọn ará ilé jókòó kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn iye ọdún tó wà nínú rẹ̀.