Àpò Owó Ìmọ̀ Epo: Ta Ni Ó Ń Jẹ Nínú Rẹ̀?

Ẹ̀yin Ọba Aládé, ẹ̀yin Ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fi sí abẹ́ ahọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àpò owó tí Ìjọba Àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún kíkọ́ ọmọ Nàìjíríà ní ìmọ̀ epo rọ̀bì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PTDF.

Ní 1964 ni a kọ́kọ́ ṣe òfin lórí owó ìkọ́ni ti Gulf Oil. Ní 1973 ni ìjọba ológun fagi lé e, tí wọ́n sì fi òfin PTDF rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tí òfin náà là sílẹ̀ dára púpọ̀: kí a sọ ọmọ ilẹ̀ wa di ẹnjiníà, onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, àti oníṣẹ́ ọwọ́, kí a rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nílé àti lókè òkun, kí a sì dá owó sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ní àwọn Yunifásítì tí Mínísítà bá fọwọ́ sí. Òfin náà sọ ohun tí a ó fi owó ṣe. Kò sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi dandan lé e pé kí a ka orúkọ ẹni tí ó jẹ sí etí aráyé.

Ẹnìkan lè wí pé àjọ náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí Yunifásítì àti ìwé àgùnbánirọ̀ kí ó tó mú ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ lónìí, ó lè yí i padà lọ́la. Inú rere kì í ṣe òfin.

A kò tí ì gbàgbé 2006 sí 2007, nígbà tí Ààrẹ ìgbà náà àti igbákejì rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ owó PTDF tako ara wọn ní gbangba, tí Ilé Aṣòfin Àgbà fi gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀. Àwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí ó dùn wá ni pé ìjà àgbà méjì ni ó jẹ́ kí aráàlú gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí owó àwọn ọmọ wọn. Bí wọn kò bá jà ńkọ́?

Nígbà tí a ṣe Òfin Òmìnira Ìròyìn ní 2011, tí ó fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tí ó béèrè ìwé lóhùn, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka abala 14 rẹ̀. Ó ní kí a má ṣe tú àkọsílẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn mìíràn tí ń gba ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tàbí owó síta, àfi bí ẹni náà bá gbà, tàbí bí àǹfààní gbogbo ìlú bá ju àṣírí ẹnìkan lọ. Abẹ́ abala yìí ni akọ̀wé yóò sá sí bí a bá béèrè pé ọmọ ta ni ó lọ. Ìwé àìsàn ènìyàn ni àṣírí. Owó ìlú tí ènìyàn gbà kì í ṣe àṣírí.

Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè pé kí a tún òfin 1973 ṣe. Kí ọmọ, aya, ọkọ àti iyèkan ẹni tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà, títí kan Mínísítà, má ṣe gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí àga. Kí ẹni tí ń tọrọ owó fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a ó tẹ orúkọ òun, ìpínlẹ̀ òun àti iye tí òun gbà jáde. Ní ti owó ìwádìí, kí Yunifásítì tí ó gbà á sọ ohun tí ó fi í ṣe. Ọmọ apẹja ní Ìlàjẹ, tí a ń wa epo ní agbègbè baba rẹ̀, yóò lè rí kedere ẹni tí a mú nígbà tí a fi òun sílẹ̀.

Ẹ̀yin Ìjòyè, a mọ̀ pé ìwé ń ti ààfin lọ sí Àbújá nítorí ọmọ lágbájá àti ọmọ làkáṣègbè. Ẹni tí ń kọ irú rẹ̀ kò lè bá wa béèrè òfin yìí. Ẹ kọ ìwé mìíràn sí aṣojú yín ní Ilé Aṣòfin, kí ó dáhùn ní kíkọ bóyá yóò gbé àbá náà síwájú ilé tàbí kò ní gbé e. Èsì tí ó bá dé, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.