A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Gàrí ní Ìbàràpá

Ẹni tí ó bá lọ ra ọkọ́ tuntun ní ọjà Tápà ní Ìbàràpá kì í sanwó kí ó tó ṣe ohun kan: yóò di ẹrúùkọ́ mú, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á, yóò sì máa kọ ebè tí kò sí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè mọ̀ bóyá ìwúwo irin náà bá apá òun mu, àti bóyá gígùn igi rẹ̀ kò ní í fìyà jẹ ẹ̀yìn òun nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá kan àtàrí. Eré ni lójú àlejò, ṣùgbọ́n nínú eré yẹn ni àgbẹ̀ ti ń rí àárẹ̀ ọ̀la, tí ó sì ń sá fún un kí owó tó kúrò lápò.

Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí a kò jẹ́ gbà fún ọkọ́ lásán ni a gbà fún ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìyan-gàrí wá fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò yíyà. Ọwọ́ tí a fi ń yí i ga dé àyà ọkùnrin gíga, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń jókòó lórí àpótí ti agbada láti kékeré, tí wọ́n ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí iná nítorí èéfín, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀là igbá ro gàrí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ní láti gun búlọ́ọ̀kù kí ọwọ́ wọn tó tó o. Oṣù mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi padà sídìí agbada. Adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀rọ náà báyìí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó wọn eku?

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí ń wa ọkọ̀ B-17 a máa balẹ̀ láyọ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sínú, tí yóò fi ikùn wọ́ ilẹ̀. Àìfarabalẹ̀ ni a kà á sí, títí Alphonse Chapanis, onímọ̀ ìṣesí ènìyàn, fi yẹ àyè awakọ̀ wò, tí ó rí i pé ohun tí a fi ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti èyí tí a fi ń darí awẹ́ ìyẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọra bí ìbejì Ìgbò-Ọrà. Ó fi rọ́bà roboto bí táyà sórí ọ̀kan, ó fi ohun tí ó tín-ín-rín lẹ́nu sórí èkejì, ọwọ́ awakọ̀ sì ń mọ̀ wọ́n láìwò.

Àfarawé, bíi ti àgbẹ̀ tí ń kọ ebè tí kò sí, pàápàá ti pẹ́. Edwin Link, ọmọ ẹni tí ń ṣe dùrù ní Binghamton, ní Amẹ́ríkà, ni ó mú ẹwìrì inú dùrù, ìbátan èyí tí alágbẹ̀dẹ wa fi ń fínná, tí ó fi ṣe ọkọ̀ òfurufú tí ń mì tí ń fì láìkúrò nílẹ̀, ní 1929. Ohun ìṣeré ni ayé kọ́kọ́ fi í ṣe. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ológun kú nínú ojú ọjọ́ burúkú níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé lẹ́tà ní 1934 ni àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà tó rà á. Ní 1968, Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe awò tí ń fi ayé àwòrán han ojú méjèèjì, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi so ó rọ̀ mọ́ àjà. Lónìí, a ń dé e bí fìlà. Bí o bá yí orí, ayé inú rẹ̀ a bá ọ yí. Òun ni wọ́n ń pè ní virtual reality.

Èmi ń fẹ́ kí a gbé awò yìí wá sídìí agbada. Kí ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn ìyá wa dé awò náà, kí wọ́n nawọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lù ú nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ kò ì tíì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí ara tí a ó fi wọn ẹ̀rọ sì jẹ́ ara wọn. Nítorí ọmọlangidi Hybrid III, tí General Motors ṣe ní 1976 láti fi dán ìjàǹbá ọkọ̀ wò, ọkùnrin tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 175 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, obìnrin sì pẹ́ kí ó tó rí ẹni kà á kún.

Ṣùgbọ́n n kò ní í tan olùkàwé jẹ: kò sí èéfín nínú awò, ooru iná kò sì sí níbẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àfojúbà pàápàá kò sì tó àfarakàn. Nítorí náà, lẹ́yìn awò, kí a fi amọ̀ àti pákó mọ irú ẹ̀rọ náà, kí a dáná sí i ní tòótọ́. Amọ̀ kò wọ́n ní Ìbàràpá. Bí owó awò bá sì kọjá agbára, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wá gbé Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè bá àìsàn pàdé nílé rẹ̀. Èé ṣe tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò lè wá bẹ́ẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìgbò-Ọrà náà, kò jìnnà sí agbada. Kí wọ́n tó jó irin kankan mọ́ ara wọn, kí wọ́n bẹ ìyá kan kí ó jókòó ti ẹ̀rọ tí kò tíì sí, kí ó nawọ́, kí wọ́n sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.