Oòrùn Orí Òrùlé Ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí a ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àwùjọ tí a dé tí a kì í gbọ́ orúkọ sólà níbẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ìlérí tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan, pé bí a bá ti lẹ sólà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ṣeé tẹ̀ mọ́ òrùlé bọ́ọ̀sì, oòrùn ni yóò máa wa ọkọ̀ náà, a ó sì bọ́ lọ́wọ́ epo.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa gbé ìṣirò yìí fún àwọn ọmọ yín. Òrùlé bọ́ọ̀sì akérò kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 4 ní gígùn àti mítà 1 àti ààbọ̀ ní ìbú lọ. Èyí já sí mítà onígun mẹ́rin 6. Ní ọ̀sán gangan, agbára oòrùn tí ń bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 1,000 wáàtì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni pánẹ́ẹ̀lì ń rí mú. Bí a bá tilẹ̀ bo òrùlé náà látòkè délẹ̀, 1,200 wáàtì ni. Bí a bá sì ro ti ìkùukùu àti òjò wa mọ́ ọn, iná tí a ó kó jọ láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Ta ni yóò fi èyí ná Ìbàdàn sí Èkó?

A kò sọ èyí láti bu iṣẹ́ ọpọlọ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ kàn ní ọdún 2014, gbé sólà lé orí ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, ó sì rìn. Ní oṣù kejì ọdún 2016 ni Uganda gbé bọ́ọ̀sì Kayoola jáde ní Kampala. Ṣùgbọ́n bátìrì ni ó ń gbé wọn. Sólà kàn ń bu omi díẹ̀díẹ̀ sínú àmù náà ni. Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Lightyear ní Netherlands àti Sono Motors ní Jámánì pa iṣẹ́ ọkọ̀ onísólà tí wọ́n dáwọ́ lé tì.

Iṣẹ́ tí sólà orí ọkọ̀ lè ṣe wà, òun ni a sì fẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa kọ etí sí. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a ní láti pa mọ́ sínú òtútù tí ó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 wáàtì, pẹ̀lú bátìrì tí ó dára, tó láti mú fìríìjì kékeré ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìlera tí ń lọ sí àwọn abúlé, kí iná sì ṣẹ́ kù fún gílóòbù àti fáànù. Awakọ̀ kò ní í tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó tẹ́ ẹ. Ike ni ojú sólà yìí, kì í ṣe gíláàsì. Nítorí náà ni ó ṣe fúyẹ́, tí ó sì ń tẹ̀ lé bí òrùlé ṣe tẹ̀. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù láìsí àlàfo, ooru rẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 65, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ yóò sì lọ. Kò ní í pẹ́ tí ike náà yóò fi wú. Ike pẹlẹbẹ oníhò tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìpolówó (àwọn òṣèlú kò ṣàìmọ̀ ọ́n) ni a ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Awakọ̀ pẹ̀lú gbọdọ̀ mọ̀ pé òjìji ẹ̀ka igi máńgòrò kan ṣoṣo tó láti sọ pánẹ́ẹ̀lì di aláìlágbára.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè jẹ́, bí olùdíje yín bá gbé àwòrán bọ́ọ̀sì onísólà wá, ẹ bi í léèrè iye wáàtì tí ó wà lórí òrùlé rẹ̀ àti iye kìlómítà tí ó ń retí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìlera ni, ẹ ní kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé afẹ́fẹ́ yóò máa gba abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, pé fíúsì yóò wà lẹ́bàá bátìrì, àti pé a ó dán fìríìjì náà wò fún ọjọ́ méje gbáko kí a tó san owó tí ó kù fún agbaṣẹ́ṣe.