Owó Tó Sùn sí Yàrá Ìkẹ́rù



Tamale, ní àríwá Ghana, kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbòho ṣòwò níbẹ̀ títí òfin ọdún 1969 fi lé wọn wálé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí ní abúlé àyíká ìlú náà ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò lónìí.

Ìgbà òjò ni èso òrí ń jábọ́. Wọn a ṣà á, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sóòrùn, wọn a pa á, wọn a sì kó kóró gbígbẹ pamọ́. Kóró tó gbẹ dáadáa lè pẹ́ nílẹ̀. Òrí tí a ti ṣe tán ni òórùn rẹ̀ tètè ń yí padà. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n nínú wọn kì í ṣe òrí púpọ̀ ṣáájú oníbàárà. Bí ó bá ṣe é tí kò rí ẹni rà á, igi ìdáná, omi àti agbára apá rẹ̀ ló ṣòfò.

Ọgbọ́n kan náà ni Taiichi Ohno, ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Jàpáánì, sọ di ètò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Káàdì kékeré tí wọ́n ń pè ní kanban ni ẹ̀ka iṣẹ́ kan fi ń béèrè ohun èlò lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ṣáájú rẹ̀. Bí káàdì kò bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Báyìí ni yàrá ìkẹ́rù ṣe fúyẹ́.

A kò bá ọgbọ́n yìí jà. Ọjà tí kò tà ló sábà máa ń ṣáájú ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú yàrá ìkẹ́rù kì í pòórá; ó ń ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ní 1994 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Tungteiya ní Tamale bẹ̀rẹ̀ sí ta òrí fún The Body Shop ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, yàrá oníbàárà lè ṣófo dáadáa, kí kóró sì kún ilé obìnrin abúlé, kí ó máa dúró de lẹ́tà. Bí ìbéèrè bá dínkù ní ilé-iṣẹ́ tiwa, ta ni yóò jókòó sílé láìgbowó?

Agbára wa pẹ̀lú wà nínú rẹ̀, bí ọ̀gá kò tilẹ̀ ní í sọ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, nǹkan bí 3,000 òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bíréèkì méjì ti General Motors ní Dayton, Amẹ́ríkà, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 17. Nítorí pé bíréèkì kò pọ̀ nípamọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìto-ọkọ̀ General Motors ní àríwá Amẹ́ríkà ló dúró gbọnin.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka yín tó fọwọ́ sí irú ètò yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn: owó ọ̀sẹ̀ tó dájú nígbà tí ìbéèrè bá lọ sílẹ̀, ìkìlọ̀ ṣáájú iṣẹ́ àṣekún, àti ẹ̀tọ́ láti dá iṣẹ́ dúró bí ẹ bá rí àléébù, èyí tí Toyota fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀.